Kí Àṣẹ Lórí Ara Padà Sọ́wọ́ Ẹni Tó Ni Ín: Ìtọ́sọ́nà Lẹ́yìn Ìfipábánilòpọ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, yálà àná ni ó ṣẹlẹ̀ tàbí ó ti tó ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, yálà obìnrin ni tàbí ọkùnrin, yálà àjèjì ni ó ṣe é tàbí ẹni tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ó sì wà fún ìyá, bàbá, ọkọ, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ dúró ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ṣe òpó gbogbo rẹ̀: àṣẹ lórí ara ẹni ni ẹni tó fipá báni lò pọ̀ gbà lọ, nítorí náà gbogbo ìgbésẹ̀ ìwòsàn, láti yàrá àyẹ̀wò títí dé ilé ẹjọ́, gbọ́dọ̀ máa dá àṣẹ náà padà díẹ̀díẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí ó bá tún gba àṣẹ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó lójú àwa tí a ń ṣe é, ọgbẹ́ ni ó ń dá kún ọgbẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí òun kò pariwo, tí òun kò jà, tí òun kò sì sá. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ṣe dá ara ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rù ńlá bá bo ọpọlọ, ó lè ti gbogbo iṣan pa, kí ohùn má jáde, kí ẹsẹ̀ má gbéra, láìjẹ́ pé ẹni náà ló yàn án bẹ́ẹ̀. Ara sì lè fèsì sí ìfọwọ́kàn nígbà tí ọkàn ń kọ̀ ọ́. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin pẹ̀lú, kò sì túmọ̀ sí pé ẹni náà fẹ́ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Bí ẹ kò bá tíì lè ka apá tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí lónìí, ẹ mú ìyẹn dání ná.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹni tó ṣe é kò ti lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ó lè jẹ́ yàrá ọ̀rẹ́ kan ní Under G, ó lè jẹ́ ilé ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ibi tí ilẹ̀kùn wà tí ẹ lè tì, tí ẹnì kan sì wà tí kò ní máa da ìbéèrè bò yín. Bí ewu bá ṣì wà nítòsí, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì tí ẹ lè pè.

Ìwẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, ó sì yéni. Bí ẹ bá lè mú un mọ́ra, ẹ má tíì wẹ̀, ẹ má fọ ojú ara, ẹ má yọ ẹnu, ẹ má sì fọ aṣọ tí ó wà lára yín nígbà náà, nítorí pé àmì ẹni tó ṣe é lè wà lára gbogbo wọn. Bí ẹ bá pààrọ̀ aṣọ, ẹ kó èyí tí ẹ bọ́, títí kan pátá àti páàdì, sínú àpòòwé tàbí àpò tí wọ́n fi bébà ṣe. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rinrin inú ọ̀rá a máa ba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ohùn tí ẹni náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ́, àgàgà èyí tí ó bá fi ń bẹ̀bẹ̀ tàbí tí ó fi ń halẹ̀. Tí ẹ bá sì ti wẹ̀, tí ẹ ti fọ aṣọ, kò sí ohun tí ẹ bàjẹ́. Ìtọ́jú ṣì ń dúró dè yín, ẹjọ́ náà sì ṣì ṣe é rò.

Ilé ìwòsàn, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé

Nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, èyí nìkan ni àkókò ń lé. Wákàtí 72 ni gbèdéke oògùn tí ó ń dènà kòkòrò HIV, bí a bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ni ó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó. Nítorí náà, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì mọ̀ bóyá ẹ ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọlọ́pàá, bí ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé gbọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti LAUTECH, a sì ní ti Yunifásítì Bowen, èyí tí ó dàgbà láti inú iṣẹ́ ìṣègùn tí àwọn oníwàásù Bàptíìsì dá sílẹ̀ nílùú yìí ní 1907. Ẹni tí ó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà níbẹ̀, UCH ní Ìbàdàn kò sì jìnnà jù bí ọ̀rọ̀ bá gba bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú èrò tó jókòó, gbólóhùn kan tó: "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ rí nọ́ọ̀sì obìnrin ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni." Ọkùnrin tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí náà lè sọ ẹni tí ó fẹ́ kí ó gba òun wọlé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ fún yín níbẹ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014 kò fàyè gba òṣìṣẹ́ ìlera láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́ rán wọn létí òfin náà, tàbí kí ẹni tó bá yín lọ ní kí wọ́n pe dókítà àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín, kí ẹ má bàa máa dá nìkan bá wọn fa ọ̀rọ̀.

Kí dókítà tó fọwọ́ kan yín, ó yẹ kí ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ lè gbà kí ó yẹ ọwọ́ àti ẹ̀yìn yín wò, kí ẹ sì kọ̀ kí ó yẹ ojú ara wò. Ẹ lè ní kí ó dúró láàárín iṣẹ́. Ẹ lè gba oògùn nìkan, kí ẹ sì lọ. Ibí ni àṣẹ tí mo sọ ti kọ́kọ́ ń padà, mo sì ti rí i pé ẹni tí wọ́n bi pé "ṣé kí n tẹ̀ síwájú?" máa ń jáde kúrò ní yàrá yẹn pẹ̀lú ojú tó yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n kàn ní kí ó bọ́ pátá kí ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn ìdènà HIV, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní PEP, ọjọ́ 28 ni a máa ń lò ó láìfo ọjọ́ kankan. Ó lè dà yín nínú rú, ó sì lè mú kí ó rẹ̀ yín. Ẹ padà lọ sọ ọ́ fún wọn dípò kí ẹ dá a dúró. Ní ti oyún, oògùn bíi Postinor ṣiṣẹ́ jù bí ẹ bá lò ó kí wákàtí 72 tó pé. Agbára rẹ̀ a máa dín kù lẹ́yìn náà, kò sì wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Lúùpù tí wọ́n fi bàbà (kọ́pà) ṣe tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ náà lè dènà oyún bí wọ́n bá fi sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún. Omi iyọ̀, káún, búlúù ìfọṣọ àti oríṣiríṣi àgbo tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń júwe kò dènà oyún, àwọn mìíràn nínú wọn sì lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn mẹ́dọ̀wú B, ẹ béèrè ti tẹ́táńọ́ọ̀sì bí ọgbẹ́ bá wà lára, ẹ sì béèrè oògùn tí ó ń wo àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá fura pé wọ́n fi nǹkan sínú ohun mímu yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n lè tètè gba ìtọ̀, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lára. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ àyẹ̀wò HIV tó kù sílẹ̀ fún yín, èyí tí ó máa ń jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ìbálé ń fẹ́ àlàyé, nítorí pé ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lẹ́nu mọ́. Kò sí dókítà tí ó lè wo awọ inú ojú ara kí ó sì sọ dájú bóyá wọ́n ti bá ẹnì kan lò pọ̀ rí. Awọ náà yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ó lè nà láìya, ó sì lè ya láìsí ìbálòpọ̀ kankan. Bí wọn kò bá rí ọgbẹ́, ìyẹn kò fi hàn pé irọ́ ni ẹni náà ń pa, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ni kò ní ọgbẹ́ kankan tí ojú lè rí.

Bí oyún bá sì ti dúró kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ lọ bá a kí ó tó pẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè yìí, ìgbà tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu nìkan ni òfin fàyè gba yíyọ oyún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, tí àwọn mìíràn kò sì padà wálé. Dókítà ni yóò ṣàlàyé ohun tí ó ṣeé ṣe fún ara yín. Ẹni tí ó bá bímọ náà tí kò lè tọ́ ọ lè bá àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìjọba sọ̀rọ̀ nípa gbígbé ọmọ náà fún alágbàtọ́ lọ́nà tó bófin mu.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí oṣù àkọ́kọ́

Oorun lè dá, tàbí kí ó máa kún fún àlá burúkú. Ẹ lè máa gbọ́ òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ lára ẹlòmíràn ní Tákíè kí àyà yín sì já bí ẹni pé ó ti dé. Ẹ lè máa sunkún, ẹ sì lè má lè sunkún rárá. Ẹlòmíràn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, yóò máa rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé yóò sì máa sọ pé kò jọ ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Kò sí bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Ìrántí náà lè wá ní ìkélekèle, kí ẹ rántí àwọ̀ ògiri dáadáa, kí ẹ má sì rántí irú aṣọ tí ẹni náà wọ̀. Bí ọpọlọ ṣe ń tọ́jú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìbẹ̀rù nìyẹn, kò sọ yín di òpùrọ́.

Nígbà tí ìrántí bá ya lù yín lójijì, tí ó dà bí ẹni pé ohun náà tún ń ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ fi omi tútù bọ́jú. Ẹ wo ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì sọ ohun márùn-ún tí ojú yín rí síta: àga, kọ́tìnì, garawa, bàtà, iná. Lẹ́yìn náà, ẹ fetí sí ohun tí ẹ ń gbọ́, bóyá ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò tàbí ọ̀kadà tó ń kọjá. Ẹ fa èémí sínú bí ẹ ti ń ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ sì tú u jáde bí ẹ ti ń ka ení dé ẹ̀fà, nítorí pé èémí tó ń pẹ́ jáde ló ń sọ fún ara pé ewu ti kọjá. Ẹ ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ara yín balẹ̀, kí ó lè rọrùn nígbà tí ìpayà bá dé.

Ní ti oorun, ẹ pààrọ̀ ibi tí ẹ ń sùn sí bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yí ibi tí bẹ́ẹ̀dì dojú kọ padà, ẹ tan iná kékeré, ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan sùn nítòsí bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọtí, paraga tàbí Tramadol wá oorun. Wọ́n ń mú oorun wá ní òru kan, wọ́n sì ń sọ ìwòsàn di iṣẹ́ ọdún púpọ̀, ẹni tí ó bá sì gbára lé wọn yóò ní àìsàn méjì láti tọ́jú.

Bí ó bá ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín, ẹ má gbé e fún ara yín nìkan. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan ní ọjọ́ náà, ní gbólóhùn tí kò rú u lójú. Ìwọ tí wọ́n sọ ọ́ fún, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó oògùn ẹ̀fọn àti oògùn kòkòrò kúrò nílẹ̀, kí o sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Agbo ilé àti ìpàdé ẹbí

Ọ̀pọ̀ ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì. Alábàágbé ni, ọmọ onílé ni, àbúrò bàbá ni, ọ̀gá ibi ìkọ́ṣẹ́ ni, àfẹ́sọ́nà ni. Nítorí náà, ní ìlú bíi tiwa tí agbo ilé ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ dé iwájú baálé tàbí mọ́gàjí, ibẹ̀ sì ni ìwòsàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dẹnu kọlẹ̀.

Mo mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń fẹ́ parí rẹ̀ nílé. Wọ́n ń ro orúkọ ẹbí, wọ́n ń ro ọkọ tí ọmọ yóò fẹ́ lọ́la, wọ́n sì ń ro ìyá ẹni tó ṣẹ̀, tí ó lè jẹ́ ìyàwó ilé wọn. Kì í ṣe ìkà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà sọ lójú gbogbo ẹbí pé òun ti dárí jì í, tí wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì máa gbé inú agbo ilé kan náà lọ, wọ́n tún gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí níwájú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù tilẹ̀ ka gbígba owó tàbí ẹ̀bùn láti fi bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́tọ̀. Èyí tí ó sì burú jù ni kí wọ́n fẹ́ ẹ fún ẹni tó ṣe é, kí wọ́n máa pè é ní ìbòmọ́lẹ̀ ìtìjú.

Bí ìpàdé ẹbí yóò bá wáyé, kò pọn dandan kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan tí ó fọkàn tán, bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, lè ṣojú fún un, kí ó sì sọ ohun tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ rán an. Ohun tí mo máa ń gba irú aṣojú bẹ́ẹ̀ níyànjú láti dúró lé lórí ni pé ẹni tó ṣẹ̀ ni yóò kúrò nínú agbo ilé. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ń kó ẹrù ọmọbìnrin lọ sí ọ̀dọ̀ àǹtí ní Ìbàdàn tàbí Èkó nígbà tí ẹni tó fipá bá a lò pọ̀ ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọmọ náà yóò sì máa rò pé òun ni wọ́n lé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ lọ, ìyẹn yàtọ̀. Kí wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ̀ ẹ́ ní yàrá nítorí ẹni náà, kódà kí ó jẹ́ ìyá àgbà.

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a bo àṣírí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti kí a bo ẹni tó ṣẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé ta ni òun fẹ́ kí ó mọ̀, a kò sì ní sọ ọ́ kọjá ibẹ̀, kì báà ṣe fún pásítọ̀ tàbí ààfáà, kì báà ṣe nítorí àdúrà. Ti èkejì a máa ní kí ó dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè máa rìn fàlàlà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó sún mọ́ ọn lágbára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. "Mo gbà ọ́ gbọ́." "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." "Kí ni o fẹ́ kí n ṣe?" Àwọn wọ̀nyí tó. Ẹ má bi í pé kí ló gbé e débẹ̀ lálẹ́, ẹ má bi í ní irú aṣọ tí ó wọ̀, ẹ má sì ní kí ó tún ìtàn náà sọ fún olúkúlùkù tó bá yọjú. Àwọn kan máa ń fẹ́ fà á sọ̀rọ̀ tipátipá pé kí ó lè fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ó bá fẹ́ ni yóò sọ ọ́. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, oríkì ni ìyá fi ń kẹ́ ọmọ. Ẹ máa pè é ní Àjọkẹ́ rẹ̀ tàbí Àkànjí rẹ̀ bí ẹ ti ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì yí ohùn padà sí ti ẹni tó wá bá a kẹ́dùn. Ó ń fẹ́ mọ̀ pé ẹni tí òun jẹ́ lójú yín kò yí padà.

Ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́

Ìpinnu láti fi ẹjọ́ sùn jẹ́ ti àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fà á lọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó dí i lọ́nà. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní VAPP, mú ìtumọ̀ ìfipábánilòpọ̀ gbòòrò: ó kan ojú ara, ihò ìdí àti ẹnu, ó kan fífi ohunkóhun wọ inú wọn láìgba àṣẹ, ó sì dáàbò bo ọkùnrin bí ó ti dáàbò bo obìnrin. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà tí ó ga jù nínú òfin náà, àwọn tí ó bá sì kóra jọ ṣe é kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀wọ̀n tó kéré sí ọdún 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti fi òfin irú rẹ̀ múlẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ẹ mú ènìyàn kan dání, ẹ béèrè ọlọ́pàá obìnrin, ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí gbólóhùn kan kò bá rí bí ẹ ti sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé dókítà lọ, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ bí wọ́n bá kó o fún yín. Ẹ gba orúkọ ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí náà àti nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, a máa ran àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba náà sì ní àjọ tí ń pèsè agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò lówó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kíńńírá àti ti Gúúsù ní Arówómọlé.

Ẹjọ́ lè pẹ́. Ẹ má so ìwòsàn yín mọ́ ìdájọ́, nítorí pé adájọ́ lè sún ẹjọ́ síwájú, ara yín kò sì gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé

Ọmọ tó ń kiri ọjà ní Ọjà Igbó, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ aládùúgbò kí ìyá tó dé láti ibi iṣẹ́, gbogbo wọn wà nínú ewu. Ó lè má sọ ọ́ ní gbangba. Ó lè máa tọ̀ sórí ẹní lẹ́yìn tí ó ti jáwọ́ níbẹ̀, ó lè máa sá fún ẹnì kan pàtó, ìtọ̀ lè máa ta á, tàbí kí ó máa fi ara ṣeré lọ́nà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ojú yín balẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa bà á. Ẹ má nà án, ẹ má pariwo, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìbéèrè bíi "kí ló tún ṣẹlẹ̀?" sàn ju "ṣé bùọ̀dá báyìí ló fọwọ́ kàn ọ́?" lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ẹ má sì máa bi í léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72 tí mo sọ lókè. Ní ti ọmọdé, kò yẹ kí òbí yàn láti má fi ẹjọ́ sùn, torí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2006, ẹni tó ṣe é sí ọmọ kan sì lè ṣe é sí òmíràn. Síbẹ̀, ẹ lè dá àṣẹ padà fún ọmọ náà nínú àwọn ohun kéékèèké: ta ni yóò wẹ̀ fún un, ibo ni yóò sùn, ṣé ó fẹ́ kí a dì mọ́ òun.

Nígbà tí oṣù bá ń gorí oṣù

Bí oṣù kan bá ti kọjá, tí àlá àti ìpayà náà kò dín kù, tí ẹ ń yẹra fún ọ̀nà, ènìyàn àti iṣẹ́ nítorí rẹ̀, ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD. Ó ní ìtọ́jú. Onímọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò bá yín sọ̀rọ̀ ní ìjókòó bíi 12, yóò ràn yín lọ́wọ́ láti sún mọ́ ìrántí náà díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lágbára lórí yín mọ́; dókítà ọpọlọ sì lè fi oògùn kún un. Ẹ béèrè ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí mo dárúkọ. Wíwọ ẹ̀ka náà kò túmọ̀ sí wèrè.

Ìgbàgbọ́ lè gbé ènìyàn ró, pàápàá ní ìlú tí ìró agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpè àdúrà ń pàdé ara wọn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún ẹni tí ó bá ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wà lára yín, tàbí tí ó fẹ́ ṣe ìwẹ̀ fún yín ní kọ̀rọ̀, tàbí tí ó fi ìdáríjì ṣe gbèsè tí ẹ gbọ́dọ̀ san kí ara yín tó yá. Ọgbẹ́ ẹni tí kò tíì dárí jini náà lè jinná.

Ní ti ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọkọ, ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà, ẹ fún ara láyè. Ara lè gan, ó lè má mọ nǹkan kan, ìrora sì lè wà. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí yóò dá ohun gbogbo dúró lójú ẹsẹ̀ láìsí ìbínú àti láìbéèrè ìdí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí dídi ọwọ́ mú. Ọkọ tí ó bá dúró nígbà tí wọ́n ní kí ó dúró ń ṣe iṣẹ́ tí oògùn kò lè ṣe.

Àwọn obìnrin tí ohun náà ti ṣẹlẹ̀ sí tipẹ́, tí wọ́n rò pé ó ti kọjá, máa ń bá a pàdé lójijì nínú oyún, nígbà tí agbẹ̀bí bá fẹ́ fi ọwọ́ yẹ ilé ọmọ wò. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì aboyún ṣáájú pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń já yín láyà; ẹ kò ní láti sọ ìtàn náà. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú káàdì yín pé kí wọ́n máa gba àṣẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín, kí obìnrin máa ṣe é bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wọlé láìbéèrè, kí wọ́n sì dá ọwọ́ dúró nígbàkigbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè. Ẹ mú káàdì náà lọ ní ọjọ́ ìrọbí, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé yín lọ sì mọ ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀, kí ó lè bá yín sọ ọ́ bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ fúnra yín.